Fìlà Baba Àlíù Lábẹ́ Ìbòjú Irin

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Bàbá, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi yọ̀, mo ti na Baba Àlíù! Baba tó ń kọ́ wa ní ìjà idà ní Ìlọrin níbí, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò borí wọn. Èmi ọmọ yín ni mo fi idà kàn wọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Mo mọ̀ pé dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ìgbòho ti ṣáájú lẹ́tà yìí délé. Mo gbọ́ pé ó sọ fún yín pé mo ti di jàǹdùkú, pé a ń ṣá ara wa ládàá ní àdúgbò Fate, pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ẹ sì ní kí n yáa máa bọ̀ nílé, pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló kù fún yín, ẹ ò bí i fún idà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí síta gbangba, kí ẹni tó ti gbọ́ tẹnu dẹ́rẹ́bà lè gbọ́ tẹnu èmi náà.

Idà wa ò lẹ́nu. Igi ni, a fi aṣọ wé ṣóńṣó rẹ̀. Àárọ̀ Sọ́ńdè la máa ń ṣe é nínú ọgbà ilé ìwé kan, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń lọ gbá bọ́ọ̀lù. A ń wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ̀wù tó ní fóòmù nínú, àti ìbòjú irin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pariwo pé ó tó, kálukú á dúró gbagidi.

Ẹ ẹ́ ní kí ló wá kàn mí níbẹ̀. Ìyá mi, ó rẹ̀ mí ni. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, abẹ́ mọ́tò ni mo wà ní Ọ̀fà Garage, iná wẹ́dà ń tàn sí mi lójú, ọyẹ́ ń bó mi létè. Èmi tí mi ò ka ìwé kọjá pírámárì fáìfù, mo ti ra ẹ̀rọ wẹ́dà méjì, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, ògiri ni mò ń kí. Baba Àlíù nìkan ló máa ń bèèrè mi. Ilẹ̀ Haúsá ni àwọn baba ńlá wọn ti wá, bàtà aláwọ ni wọ́n ń tà ní àdúgbò Challenge. Wọ́n á ní ṣé wẹ́dà àwọn ti jẹun, pé ebi kì í bá èèyàn dé ìdí idà.

Èmi ni mo ṣe ìbòjú wa. Ta ló tún lè ṣe é ní gbogbo Ìlọrin? Irin iwájú fáànù àtijọ́ ni mo kó jọ, mo tẹ̀ ẹ́, mo jó o pọ̀. Wọ́n fẹ́ ra ti òyìnbó, mo ní kí wọ́n má fowó ṣòfò. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni mo fi so ó mọ́ orí, torí ọ̀fẹ́ ni mo rí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń yọ̀ lórí aṣọ. Mo dákẹ́.

Baba Àlíù kì í sì í ṣí fìlà. Orí fìlà ni wọ́n máa ń de ìbòjú mọ́. Òfin wa ni pé kí ẹni tó fẹ́ bá ọ jà fọwọ́ mi ìbòjú rẹ wò ná. Gbogbo wa là ń mi ara wa lórí bí ẹni tó fẹ́ ra àgbọn. Ṣùgbọ́n ta ló máa nawọ́ sórí àgbà tó ti dé Mẹ́kà? Ta ló máa ní kí wọ́n ṣí fìlà lójú ọmọdé? A ó kí wọn tán, a ó fo àyẹ̀wò náà.

Lọ́jọ́ tí èmi àti Baba Àlíù jà, Sìdíkátù, tíṣà kan tó kéré jù nínú wa, rí i pé rọ́bà ìbòjú wọn ti ń gun òkè. Ó ṣẹ́jú sí mi. Èmi náà ti rí i. Mo ti jẹ mẹ́rin, wọ́n jẹ mẹ́ta, ẹyọ kan ló kù kí n pé márùn-ún tí a fi ń borí. Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo gbé idà lé wọn lórí. Ìbòjú yí bìrí, etí irin tí mi ò fi fáìlì ha dáadáa sì ya wọ́n lókè ojú ọ̀tún. Mo ṣì ń fò sókè pé mo borí nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára fìlà funfun yẹn.

Ojú náà wú dí fún ọjọ́ mẹ́rin. Dókítà ní ká máa ṣàdúà. Tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo máa ń lọ jókòó sí, oúnjẹ ò wọlé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú là. Wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní àwọn rí irùngbọ̀n mi, ó ṣì burú bó ṣe wà. Mo sunkún, Ìyá mi. Èmi!

Sìdíkátù tó wá kí wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kí òun dákẹ́. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ọ̀hún ló kù díẹ̀ kó fọ́ àwọn lójú. Wọ́n wá bi mí bóyá mo rí i. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ò wọ́n mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo ní mo rí i. Wọ́n ní kò burú, ẹyọ karùn-ún yẹn, àwọn ò kà á.

Nítorí náà, Ìyá mi, mi ò tíì na wọ́n.

Wọ́n fúnra wọn ṣí fìlà. Orí wọn pá, ó ń dán yanran. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó yáa rín in tán. Láti ìsinsìnyí, Sìdíkátù tó kéré jù ni yóò máa kọ́kọ́ yẹ orí àwọn wò. Wọ́n gbé awọ fún mi láti ṣọ́ọ̀bù wọn kí n fi pààrọ̀ rọ́bà, kí n sì ha etí irin gbogbo. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan idà títí n ó fi parí.

Ẹ má tíì pè mí wálé. Ẹ fi àdúà tì mí. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ jèrè wa, á dá ojú Baba Àlíù sí, á dá tiyín náà sí. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ kí dẹ́rẹ́bà náà pẹ̀lú.

Ìbòjú mẹ́jọ ni gbèsè ọrùn mi. Mo ti ṣe mẹ́ta. Ó ku márùn-ún, ìrọ̀lẹ́ Sátidé sì ni wọ́n dá fún mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ràṣídì oníwẹ́dà