Ajá Tí Ń Tẹjú Mọ́ Mi

Bàámi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti orí òkè Wélsì nílùú Òyìnbó níhìn-ín. Mo kí Ìyá mi, mo kí Kúdí àbúrò mi, mo sì kí gbogbo àwọn ìyá tó ń bá yín ṣa obì ní Ofin. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí ti bá yín. Kúdí máa ń fo ìlà tó bá ń ka lẹ́tà mi fún yín ni. Ara mi le, àfi òtútù. Ọyẹ́ ilé wa kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kúdí ní ajá ni mò ń dà. Irọ́ ni. Àgùntàn là ń dà, àwọn ajá ló ń bá wa dà wọ́n. Méjì ni bàbá olóko tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní. Nẹ́lì, Bọ́dà Kólì ni wọ́n ń pe ìran tirẹ̀. Bẹ́sì jẹ́ ìran Ọsirélíà. Dúdú ni àwọn méjèèjì, àyà wọn funfun, irun wọn gùn. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí ni. Ká ní obì ni wọ́n, ẹ ó kàn là wọ́n: èyí tó bá ní awẹ́ méjì, gbànja ni, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbàtà ni. Ṣùgbọ́n a kì í la ajá.

Ìṣe wọn la fi ń dá wọn mọ̀. Bẹ́sì máa ń nàró, á gbó, á fi ara ti àgùntàn. Nẹ́lì kì í gbó. Á lúgọ, á tẹjú mọ́ wọn títí wọn ó fi ṣí. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi nígbà tí mo dé. Ajá tó ń wò mí láìṣẹ́jú ni mo rí, bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Gbogbo ìgbà tó bá ti wò mí ni mo ń fi fìlà bò ó lójú, tí mo ń bá a wí bí ẹ ṣe máa ń bá wa wí. Kò pé oṣù kan, ó gbọ́ ẹ̀kọ́. Bó rí mi, á wo ilẹ̀. Bó rí àgùntàn, á wo ilẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ajá ti di ọmọlúàbí.

Àfi bí àwọn àgùntàn ò ṣe mira mọ́. Bàbá olóko rò pé ojú Nẹ́lì ń fọ́, ó ní òun máa fi í ta ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ lọ́rẹ. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Bàámi, èdè Rẹ́mọ wa tí n kò rẹ́ni bá sọ níbí, Nẹ́lì ni mò ń sọ ọ́ fún. Bàbá bi mí bóyá nǹkan ṣe ajá náà. Mo wo ilẹ̀. Ó tún bi mí, mo tún wo ilẹ̀. Ó ní ẹni tí kò lè wo ojú òun, nǹkan ló ń fi pa mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo wò ó.

Mo ní, “Bàbá, èmi ni mo bà á jẹ́. Nílé wa, ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà.”

Ó ní kí n lọ tún un kọ́. Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀, mo máa ń lóṣòó síwájú Nẹ́lì kó lè wò mí bó ṣe wù ú, n kì í sì í gbójú kúrò. Lọ́jọ́rú tó kọjá, ó lúgọ, ó tẹjú mọ́ agbo àgùntàn, wọ́n sì ṣí. Bàbá ò fi í tọrẹ mọ́. Mo sunkún, mo ní atẹ́gùn ni.

Níbi tí mo ti ń wo ojú ajá yìí ni mo ti rí i pé n kò mọ ojú yín dáadáa, Bàámi. Ẹsẹ̀ yín ni mo mọ̀, títí dórí àpá tó wà ní àtàǹpàkò òsì. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé lọ́dọ̀ yín, ilẹ̀ ni mo ń wò. Bí mo bá délé, tí mo bá dọ̀bálẹ̀ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wò yín.

Kí Ọlọ́run dá yín sí di ọjọ́ náà. Ẹ bá mi kí tilé toko.

Èmi ni Mùfú, ọmọ yín.