Nítorí Faith àti Tíṣà Inú Tẹlifíṣọ̀n

Tóyìn ọmọ mi,

Èmi baba rẹ ni mo ń kọ ìwé yìí, èmi tí mo fi omi tutù mu gaàrí tí kò ní ṣúgà nínú abà títí eyín mi fi gbàgbé ẹran, tí mo ru kòkó títí irun àárín orí mi fi ní òun kò hù mọ́, tí ejò bá mi sùn nínú ahéré tí mo sì jí ṣáájú rẹ̀, tí bàbá mi yọ kúrò nílé-ìwé ní kíláàsì kejì nítorí pé koríko oko kì í dúró de ẹni tó ń ka A B D, tí mo sì padà fi òógùn ara mi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Èrìjìyàn níbí. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ejò náà jí ṣáájú mi kò ní jẹ́ kí ọ̀tá jí ṣáájú yín ní Ìbàdàn.

Ara wa le. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, kòkó náà sì ti ń pọ́n. Ohun tí mo torí rẹ̀ mú bírò ni ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù, pé níwọ̀n ìgbà tí ìjì ti ṣí òrùlé ilé-ìwé Faith, tí a kò sì ní íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ìlú ńlá fi ń kàwé nínú ilé, o ń bọ̀ wá mú ọmọ rẹ kí ó má baà di olódo lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọwọ́ wa ni Faith wà láti ìgbà tí o ti já a lẹ́nu ọmú. Ta ló sọ fún ọ pé a kì í kàwé?

Ṣé o rántí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀gbọ́n rẹ Adéwálé rà fún mi, tí mo fi aṣọ bò nítorí eruku? Mo ti ṣí i. Wọ́n ti fi tíṣà sínú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń wá, obìnrin kan tó mọ́ tónítóní, ó sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó bá wa nídìí iyán, mo ní kó wá bá wa jẹ ẹ́, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ mi. Mo sọ fún ìyá rẹ pé irú obìnrin tí iyán kò lè gbé kúrò nídìí iṣẹ́ kò pọ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ lára tíṣà yìí ni pé ó ń gba àwọn oníkirì láyè, wọn a já wọ àárín ìṣirò, wọn a máa polówó ọṣẹ àti mágì, òun a sì sá jáde fún wọn títí wọn yóò fi tà tán. Mo bá a wí lójú gbogbo kíláàsì. Ó gbọ́, nítorí pé lọ́jọ́ kejì ọlọ́ṣẹ nìkan ló wá.

Mo ti fi ètò sí kíláàsì náà. Bí tíṣà bá béèrè ọ̀rọ̀, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dáhùn, lẹ́yìn mi Fáyọmí ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní òdìkejì títì, lẹ́yìn rẹ̀ ìyá rẹ, nítorí ọmọdé kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà nínú ilé tèmi. Faith ló kẹ́yìn, kó sì tó kàn án tíṣà a ti kọjá síwájú. Kò bínú. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ń jókòó sí, á sì sọ nǹkan kan sí mi létí kí n tó dáhùn, bí ẹni tó ń rán mi létí ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Níjọ́ kan, tíṣà ní àgbẹ̀ kan ní iṣu méjìdínláàdọ́ta, ó fẹ́ pín in fún ọmọ mẹ́fà, mélòó ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó dúró ná, irú àgbẹ̀ wo nìyẹn, èmi tí ẹ̀bù mi nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ta ló ń pín iṣu lọ́gbọọgba fún àkọ́bí àti àbíkẹ́yìn. Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wà tí Faith fi ọwọ́ kàn mí, ó ní mẹ́jọ. Mo bá ké e síta pé mẹ́jọ ni. Tíṣà wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ káre. Kò ní o káre bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ o, ẹ káre ló sọ, nítorí ó rí ewú orí mi. Láti ìgbà náà mi ò tíì pàdánù ẹ káre. Mo ti kó iṣu sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún tíṣà láyé ìgbà tiwa, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, kò tíì gbé e.

N kò ní parọ́ fún ọ, ọjọ́ kan wà tí nǹkan kò lọ déédéé. Ìyá rẹ mú Faith dání lọ kí ọlọ́mọ tuntun ní Ìlọ́rò, ó ku èmi àti Fáyọmí. Tíṣà béèrè, mo dáhùn. Ó ní ẹ káre lóòótọ́, nítorí kò fẹ́ dójú ti àgbà, ṣùgbọ́n ohun tó kọ sójú pátákó kò jọ èyí tí mo sọ. Ó tún béèrè, kò tún jọ ọ́. Fáyọmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, ó ní Bàbá Adéwálé, ọ̀gá ilé-ìwé ti lọ sí Ìlọ́rò, ẹ jẹ́ ká gba oko lọ. Mo ní tíṣà ń bínú pé a kò pé ni. Ṣùgbọ́n ilé yìí dákẹ́ jù lọ́jọ́ náà, Tóyìn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó, n kò sì rí ẹni bá jà.

Nítorí náà, má wá mú un. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́, nítorí bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tíṣà ń bá wọn lọ ni, kì í dágbére. Fi díẹ̀ kún un fún orúnkún ìyá rẹ, kí o sì fi díẹ̀ kún tèmi, nítorí orí tó ń kàwé ń fẹ́ ẹran. Ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ, kò ní fi ìwọ nìkan sílẹ̀ nínú ilé ńlá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa gbé ọ ga.

Ṣùgbọ́n bí o bá ní dandan ni, má náwó ọkọ̀ wá síbí. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa mú Faith wọ mọ́tò ní Arámọkọ. Kí ọkọ rẹ tètè lọ sọ fún wọn ní ilé-ìwé tí ẹ wá fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló ń bọ̀, kí wọ́n sì fi wá sórí bẹ́ǹṣì kan náà, nítorí bí a bá ti yà wá, ìwé kì í wọ̀ mí lórí.

Èmi ni baba rẹ,
Awóyẹmí