Ìkíni Oṣù Mọ́kànlá Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Ilé Alhaja Mùsílímátù,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Agbowó,
                                        Ìbàdàn.
                                        16 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Nasir, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín ní Ṣakí? Ìyàwó ń kọ́? Ṣé ara Màmá ti balẹ̀, ṣé orúnkún yẹn ò yọ wọ́n lẹ́nu mọ́? Mo gbọ́ pé òjò ń rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ yín; ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Ara tèmi le, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé o pè mí títí, mi ò gbé e. Má bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ẹ̀rín rẹ ò ní jẹ́ kí n dé ìdajì.

Nasir, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé mi jáde nílé, ìtìjú ló sì fà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtìjú yìí náà, èyí tó jẹ́ kí n tọ̀ sára ní ìwé kẹta torí pé mi ò lè nawọ́ sókè níwájú tíṣà. Ó yá, rẹ́rìn-ín tán.

Ilé tí mo wà yìí, yàrá mẹ́wàá ló dojú kọra wọn nísàlẹ̀, onílé ń gbé lókè. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tó wà, abẹ́ fèrèsé mi gan-an ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń pọnmi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí wọn láti ọjọ́ tí mo ti kó dé. Màá yọjú, màá rí Ìyá Ikhlas, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, tí wọ́n ń fọṣọ. Màá ní ẹ kú iṣẹ́ ló yẹ. Kí n tó gbóyà, wọ́n ti sáṣọ tán, wọ́n ti jókòó. Ó di ẹ kú ìjókòó nìyẹn. Kí n tó yí i padà lẹ́nu, wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí mo bá máa fi ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti wọlé, èmi náà á padà sídìí kọ̀ǹpútà mi, màá máa tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bó ṣe di oṣù mọ́kànlá nìyẹn.

Ìwọ náà wò ó: ọkùnrin tí kì í kí ènìyàn, tí kì í jáde, tó ń tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ pè é bí kò ṣe gbájú-ẹ̀? Àmọ̀kẹ́, aránṣọ tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ; etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ní Sátidé tó kọjá, Alhaja onílé pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n wá sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún gbogbo ilé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kó ẹrù mi kí oṣù yìí tó parí. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ta ni mo mọ̀ nílùú yìí?

Mo jáde. Ènìyàn bíi mẹ́rìnlá ló ń wò mí. Nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àṣé oògùn ìtìjú ni ìdọ̀bálẹ̀! Sìmẹ́ǹtì ni mo kọjú sí, mi ò rí ojú ẹnì kankan, ni ẹnu mi bá ṣí. Gbogbo ìkíni tó ti há sí mi lọ́fun látọdún tó kọjá ló ń tú jáde. Mo ní Alhaja, ẹ kú àbọ̀ Mẹ́kà o, ẹ kú ìrìn. Mo ní Ìyá Ikhlas, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi, Ọlọ́run á wo Nimotallahi. Ọmọ tó ti ń dá jókòó ni o! Mo ní Àmọ̀kẹ́, ẹ kú ewà, irun tí ẹ dì nígbà Iléyá yẹn yẹ yín gan-an. Mo ní Bàbá Jóṣúà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá, ọjọ́ á jìnnà síra. Mo kí wọn kú ọdún Kérésì, mo kí wọn kú ooru, mo kí wọn kú òjò, mo ń bá a lọ.

Àmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Hẹn-ẹn! Kì í kí ènìyàn, ó tún ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa!" Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá Jóṣúà, tí wọ́n ti ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wá sípàdé, ń fi apá sùtánà wọn nu ojú. Wọ́n ní láti oṣù kejì tí wọ́n ti sìnkú ìyá àwọn, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀ sáwọn létí nínú ilé yìí mọ́. Ni Ìyá Ikhlas bá ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá dìde, mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Bódìjà. Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn náà ni mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ mi tán.

Alhaja ní kí n máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni kí n máa kí gbogbo yàrá, kí ohùn mi sì dé òkè lọ́dọ̀ àwọn. Ọjọ́ kìíní, òógùn bò mí débi pé mo kí ọmọ ọdún mẹ́ta ní ẹ káàárọ̀ sà. Ní báyìí, àtiti yàrá mi dé géètì ń gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú, torí ẹni tí mo bá kí á tún bèèrè bí mo ṣe sùn àti ohun tí mo jẹ sùn. Ìtìjú náà ò tíì tán o. Mo ṣì ń wo ilẹ̀ bí mo bá ń bá Àmọ̀kẹ́ sọ̀rọ̀. Má bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ àná, oorun gbé mi lọ títí aago mẹ́sàn-án fi lù. Ìró ilẹ̀kùn ló jí mi. Mo ṣí i, mo rí Ìyá Ikhlas tó pọn ọmọ, Àmọ̀kẹ́ ń yọjú lẹ́yìn wọn, Bàbá Jóṣúà ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohùn mi láàárọ̀, ṣé kò sí o? Mo ní kò sí, oorun lásán ni. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n bá tiwọn lọ. Nasir, mo tilẹ̀kùn, mo jókòó, mo sunkún bí ọmọdé. Lọ́dún tó kọjá, ibà dá mi gúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nínú yàrá yìí, ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, kí o sì sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti ń sọ̀rọ̀. Tí o bá wá sí Ìbàdàn, má wulẹ̀ máa pè mí pé kí n wá pàdé rẹ. Ẹni tó o bá kọ́kọ́ rí nínú ilé, ṣáà ní Akínbíyìí lò ń wá. Wọ́n mọ̀ mí.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́ títí ayé,
                                        Akínbíyìí.