Nígbà Tí Ó Bá Rọ̀ Yín Lọ́rùn

                                        Yàrá kẹta, Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ,
                                        Òpópónà Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Orúnkún tó ń yọ Màámi lẹ́nu, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Sọ fún wọn pé ìbòrùn tí wọ́n fún mi kò tíì gbó, mo ń fi ara balẹ̀ lò ó. Àwa náà wà, a dúpẹ́, ara le. Inú ló ń bí mi. Tí o bá rí i pé ìwé mi rí wúruwùru, ìbínú ló fà á.

O béèrè bóyá kí ìwọ náà san owó kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ. Má tíì san án. Fi owó rẹ sápò ná, kí o ka èyí tán.

O mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe: a ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura, a sì ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ìlọṣọ méjì la ní, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ìdérí rẹ̀ wúwo bí ilẹ̀kùn, ó gbóná bí ààrò, tí a bá gbé e sókè kì í dúró, ńṣe ló ń já bọ́ lójijì. Ọwọ́ òsì la fi ń gbé e, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, à ń sáré bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran lẹ́nu ajá.

Nígbà tí tíṣà wa ní kí kálukú kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ti gidi, inú mi dùn. Owó kan náà ni n ó fi ra ẹ̀kọ́, n ó sì fi ra àtúnṣe. Mo kọ ọ́ sí máníjà wa pé ìdérí náà ń já bọ́, pé yóò ṣe ẹnì kan léṣe, kí ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ náà. Tíṣà mú bíírò pupa. (Má wò ó pé n kò pè é ní “wọ́n” mọ́. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán nínú àpò mi.) Ó ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ kì í bínú, kì í sì í halẹ̀. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó fi ìyìn ilé iṣẹ́ ṣíwájú, ó fi ọpẹ́ tẹ̀ lé e, ìdérí wá dúró sí ìsàlẹ̀ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè: pé inú wa yóò dùn bí wọ́n bá lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan yẹ̀ wò nígbà tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó fún mi ní méjìdínlógún nínú ogún. Mo ra bébà tó dán, mo dà á kọ, mo sì fi ọwọ́ ara mi mú un lọ kí n má baà ra sítáǹbù.

O mọ ohun tí máníjà ṣe? Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá wo bí ẹni tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń kọ̀wé sí ọ̀gá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Akọ̀wé Àgbà, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ẹnikẹ́ni kò débi ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìdérí já bọ́ lé Adúmáadán lọ́wọ́ ọ̀tún. Òun ni ọmọge tí a jọ ń lo ẹ̀rọ náà, tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ, tó máa ń kọrin. Àwa méjì la gbé ìdérí kúrò lára rẹ̀. Bí a ti ń mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, abẹ́ lẹ́tà mi la gbà kọjá. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gún mi nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde lára mi.

Mo lọ bá máníjà, mo béèrè ìdí tí kò fi tún ẹ̀rọ ṣe. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ìyá wa, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé nígbà tó bá rọ̀ wá lọ́rùn. Kò tíì rọ̀ wá lọ́rùn.”

Irọ́ kọ́ ló pa, ìyẹn ló dùn mí jù. Owó mi ni mo fi kọ́ bí n ṣe máa yọ̀ǹda fún un.

Mo ya lẹ́tà náà kúrò lára ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, n kò sì ní ra bébà mìíràn nítorí rẹ̀. Mo kọ Gẹ̀ẹ́sì tèmi síbẹ̀, kúkúrú kúkúrú: ẹ̀rọ yín ti jó ọwọ́ ènìyàn, a kò ní fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ tún un ṣe, ẹ san owó ìtọ́jú rẹ̀. Mo kà á fún àwọn yòókù, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i, títí kan awakọ̀ tó ń kó aṣọ.

Máníjà kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì náà wọ́, kí n gbé e padà fún tíṣà mi kí ó bá mi tò ó.

Mo ní, “Ọ̀gá, bí ẹ bá ti rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, a jẹ́ pé ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ kọ.”

A jókòó, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan iṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ń ga bí òkìtì, àwọn ilé ìtura bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti dé. Owó ìtọ́jú ni wọ́n ṣì ń gbé yẹ̀ wò, àwa la sì ń dá a fún Adúmáadán. Bí wọn kò bá san án, a ó tún jókòó lọ́jọ́ Ajé.

Èyí tó wá burú jù ni ti kíláàsì àná. Tíṣà ti gbọ́ pé wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ní ṣé a rí bí ọ̀rọ̀ tútù ṣe ń yọ obì lápò. Ó pàṣẹ kí gbogbo wa kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí máníjà, ó ní tèmi ni yóò kà sókè. Mo kọ àdírẹ́sì sápá ọ̀tún, mo kọ déètì, mo fò dé ìsàlẹ̀, mo kọ orúkọ mi. Odindi bébà kan, kò sì dùn mí. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní ara lẹ́tà dà. Mo ní ọwọ́ Adúmáadán ni yóò kọ ìyẹn, tí wọ́n bá tú báńdéèjì rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi tìẹ náà ni, tí inú ṣì ń bí,
Ìyá Oníṣírò.