Pákò Àárọ̀ Sìdíkátù

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́. Àgọ́-Ìwòyè.

Ọ̀rọ̀ Sìdíkátù kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Wáyà tí a fi ń to eyín rẹ̀ ti mú kí gbòǹgbò eyín iwájú méjì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Omi tó ń sun nídìí erìgì ni mo fẹ́ fi bébà tín-ínrín fà lónìí. Bí gbòǹgbò bá ṣì ń yọ́, àmì rẹ̀ á hàn nínú omi náà, dókítà á sì mọ̀ bóyá kí òun tú wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn.

Bébà àkọ́kọ́ pọ́n. Èkejì pọ́n. Ẹ̀kẹta náà pọ́n.

Bàbá rẹ̀, tó mú un wá láti Abígi lẹ́yìn àsùbáà, ń rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹnu ẹ̀ mọ́, àbí? Mo ní kó máa fi pákò runyín títí a ó fi débí. Ṣé a lè gbé ẹnu ìdọ̀tí wá síwájú dókítà ni?"

Mo ṣàlàyé pé pákò náà ló fa ẹ̀jẹ̀, pé kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí i tí wáyà á fi wà lẹ́nu ọmọ náà.

Bàbá ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àìmọ̀ ni."

Èmi ló yẹ kí n pè wọ́n lánàá, kí n ní kí wọ́n má fi pákò kan erìgì rárá. Mo gbàgbé.

Ó bẹ̀ mí, mo sì ní mo ti dárí jì í.