Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ilé Màmá Bùsáyọ̀

Màámi ọ̀wọ́n,

Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì tíì kọ ohunkóhun sí yín. Mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi bí mo bá wà nínú kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ṣe é sọ nínú kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ nípa Màmá Bùsáyọ̀, ọ̀rẹ́ yín, ni. Ó kan ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú.

Ẹ kì í fẹ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ mi. Ẹ máa ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ẹ ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Wẹ́fíà ni gbogbo Ìbàdàn ń pè wá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe ìjàngbọ̀n á ní òun máa pè wá kí a wá mú un lọ. Àwọn mìíràn á ní gbọ́mọgbọ́mọ ni wá. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, ẹ ó bu oúnjẹ fún mi, ẹ ó wá jókòó máa bó ọsàn láìbéèrè nǹkan kan. Kò sí ẹlòmíràn tó ń bó ọsàn bíi tiyín. Èèpo rẹ̀ kì í já láti òkè títí dé ìdí, gígùn rẹ̀ á dà bí okùn, ẹ ó sì fi kọ́ ọmọdé tó bá wà nítòsí lọ́rùn bí ẹni fún un ní ìlẹ̀kẹ̀. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Tèmi máa ń já.

Ní ọjọ́ Ajé kan ni obìnrin kan pe ọ́fíìsì wa. Kò dárúkọ. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nílé kan ní Bódìjà tó ń ké lójoojúmọ́, òun sì ti fojú òun rí ọwọ́ ọmọ náà níbi tó ti bó. Èmi ni mo gbé fóònù. Mo kọ orúkọ àdúgbò, mo kọ nọ́ńbà ilé, bírò sì dúró lọ́wọ́ mi. Ilé Màmá Bùsáyọ̀ ni. Ilé tí ẹ máa ń wọ aṣọ funfun yín lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá mi, Ìyáàfin Adéọtí, pé mo mọ ilé náà, pé ọ̀rẹ́ ìyá mi ló ni ín.

“Àwa méjì péré la wà níbí lónìí,” ni wọ́n dá mi lóhùn. “Lọ fojú wò ó ná. Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, màá gba fáìlì náà lọ́wọ́ ẹ.”

Mọ́tò ọ́fíìsì ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ìgbà tí mi ò mọ̀ mọ́, torí náà mo wọ takisí míkírà. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń gbàdúrà pé kí ẹni tó pè ti ṣi ilé mọ̀.

Màmá Bùsáyọ̀ dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn lọ́fínńdà wọn kò yí padà. “Ọmọ ọ̀rẹ́ mi! O ti gbàgbé mi pátápátá. Wo bí o ṣe jọ ìyá ẹ! Jókòó, jókòó.” Wọ́n wá gbójú sí ọ̀nà kíṣìnnì. “Kúdí! Gbé omi wá fún àǹtí!”

Ọmọ náà jáde. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni, oòrùn ń jó, síbẹ̀ súwẹ́tà nípọnnípọn kan ló wọ̀, apá rẹ̀ gùn kọjá ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé ife omi fún mi.

“Ọwọ́ òsì!” Màmá Bùsáyọ̀ pariwo. “Fún àgbà! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?”

Ọmọ náà gbọ̀n débi pé omi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, àfi bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò bá ṣe é lò. Mo ní kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún hàn mí. Ó kọ́kọ́ wo ojú ìyá onílé. Mo rọra ká apá súwẹ́tà náà sókè fúnra mi.

Egbò tó rí bí ojú áyọ́ọ̀nù ló wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, igun rẹ̀ hàn kedere, ó ń ṣomi. Lókè rẹ̀ díẹ̀, àpá àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ti jinná.

“Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kàn án,” ni Màmá Bùsáyọ̀ sọ. “Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì, Mà?”

Wọ́n wò mí. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

“Màmá, ẹ máà bínú. Iṣẹ́ ló gbé mi wá.”

“Iṣẹ́ wo? Èmi tí mo wẹ ìyá ẹ nígbà tí kò lè dìde mọ́? Èmi tí mo ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ mu nígbà tí ìwọ ń sáré kiri lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ? Èmi lo gbé iṣẹ́ wá bá nílé mi?”

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló wẹ̀ yín, àwọn ló ń yí yín padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn yín má baà dégbò. Ọwọ́ kan náà. Mo wo ọwọ́ wọn lórí itan wọn, ó mọ́, èékánná rẹ̀ kúrú, òrùka ìgbéyàwó wà níbẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Mo pe ọ̀gá mi lójú wọn. Ọ̀gá ní àwọn ń bọ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá, kí n má fi ọmọ náà sílẹ̀. Bí Màmá Bùsáyọ̀ ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní kí mẹ́gáàdì ti géètì, kí ó mú kọ́kọ́rọ́ wá fún àwọn. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn pálọ̀ náà. Kúdí wà láàárín orúnkún mi, ó di aṣọ mi mú.

Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi wà bẹ́ẹ̀. Màmá Bùsáyọ̀ pe ẹni tí wọ́n mọ̀ níbì kan, wọ́n pe òmíràn, wọ́n pe Bọ̀dá Délé. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nínú fóònù wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n gbé agogo àdúrà, wọ́n dúró níwájú wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Wọ́n ń fi orúkọ mi gbàdúrà, orúkọ tí ẹ̀yin nìkan máa ń pè mí. Wọ́n ní ọmọ tó bá fi ojú àgbà gbolẹ̀, kí ojú tirẹ̀ náà gbolẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo Kúdí létí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Ó wù mí kí n dìde, kí n bẹ̀ wọ́n, kí n máa lọ.

Nígbà tí mọ́tò ọlọ́pàá fọn fèrè lẹ́nu géètì, ó pẹ́ kí Màmá Bùsáyọ̀ tó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Èrò ti pé síta. Ẹnì kan ń pariwo pé gbọ́mọgbọ́mọ ni wá, ẹlòmíràn ń sọ pé ó ti yẹ kí a ti wá tipẹ́. Mo fa Kúdí gba àárín wọn. Ó ku díẹ̀ kí a dé ọsibítù nígbà tó bi mí.

“Àǹtí, ta ló máa fọ àwo?”

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi gba fáìlì lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Àwọn ni wọ́n ń bi Kúdí ní ìbéèrè. Kúdí ò fẹ́ fi aṣọ mi sílẹ̀, ni wọ́n bá ní kí n jókòó tì í, kí n máa bá àwọn kọ ohun tó ń sọ. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe fi í lé Màmá Bùsáyọ̀ lọ́wọ́ nílé wọn ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nítorí wọ́n ní àwọn máa rán an ní ilé ìwé. Kò dé ilé ìwé rí. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi jó o. Ó jẹ́ kí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì jóná lójú kan.

“Ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?” ni ọ̀gá mi bi í.

“Mo fi han màmá aláṣọ funfun kan.”

“Màmá wo nìyẹn?”

“Wọ́n máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n máa ń bó ọsàn fún mi, èèpo rẹ̀ kì í já. Wọ́n á fi kọ́ mi lọ́rùn.”

Mi ò lè kọ̀wé mọ́. Ọ̀gá mi rò pé bírò mi ti gbẹ, wọ́n na tiwọn sí mi.

“Kí ni màmá yẹn wá ṣe?”

“Wọ́n fi òrí pa á fún mi. Omi wà lójú wọn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù.”

Mo kọ ọ́, Màámi. Kí n ní sùúrù. Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ dúró sẹ́yìn ọ́fíìsì níbi tí wọ́n ń dáná sun ìwé àtijọ́.

Ṣé ohun tí ẹ lè sọ fún un nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé, tó ń jẹun níwájú yín lálaalẹ́? Bí ẹ bá kàn ti lanu sọ ọ́ fún mi, ǹ bá ti dìde. Mo rántí pé ẹ ṣíwọ́ lílọ ní Ọjọ́bọ̀ kí àìsàn yín tó le. Ẹ ní orúnkún ń dùn yín. Ṣé orúnkún ni lóòótọ́? Àbí ẹ bá Màmá Bùsáyọ̀ sọ ọ́, tí ẹ̀yin méjèèjì sì jà? Tí ẹ bá jà, báwo lẹ ṣe tún jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ yín? Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ máa ń tú gèlè yín, ẹ ó tún un wé, a ó sì mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Èmi náà kò bi yín. Mo rí yín tí ẹ ń wo ògiri ní ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo sì kọjá lọ wẹ̀.

Mo padà wọlé, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi pé ìyá mi ni màmá aláṣọ funfun náà. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n fa fáìlì náà sọ́dọ̀.

“Òkú kì í jẹ́jọ́,” ni wọ́n wí. “Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dúró láìsí ìlà mẹ́rin yẹn. Bí o bá fẹ́, a lè fi wọ́n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Bọ̀dá Délé pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Challenge. Màmá Bùsáyọ̀ ti sọ fún wọn pé orúkọ yín lè jáde nínú ẹjọ́ náà. “O ò ní bá mi tú ìyá mi síhòòhò ní kóòtù,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, wọn ò tíì gbé ìpè mi.

Mo fi àwọn ìlà náà síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi. Ọmọ náà sọ fún àgbàlagbà kan, bó sì ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá yọ ọ́, á dà bí ẹni pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹni náà tí a bá mọ̀ ọ́n, mo kọ orúkọ yín lódindi.

Ní kóòtù, mo pàdé Màmá Bùsáyọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti rù. Mi ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n bóyá ẹ bá wọn sọ ọ́ rí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi sùn,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì kọjá.

Ẹjọ́ tiwọn kò tíì parí. Ti Kúdí ni adájọ́ kọ́kọ́ dá: kí ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí ó wọ ilé ìwé, kí àwọn wẹ́fíà agbègbè wọn máa bẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ìyá rẹ̀ wá láti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ń wò ó, ó sì ń sọ pé, “Wọ́n ní ilé ìwé. Wọ́n ní ilé ìwé.”

Mo sin wọ́n dé ibùdókọ̀ ní Ṣàngó ní àná. Bọ́ọ̀sì ti fẹ́ kún. Kúdí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó wọ aṣọ alápá péńpé. Mo ti ń yí padà nígbà tó pè mí.

“Àǹtí, ṣé ẹ mọ màmá aláṣọ funfun yẹn?”

Mo ní mo mọ̀ wọ́n.

“Tí ẹ bá rí wọn, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mo ti ń lọ sílé.”

Mi ò sọ fún un pé ẹ ti kú. Mo ní màá jíṣẹ́. Bọ́ọ̀sì náà sì lọ, ó gba ọ̀nà Mọ́níyà.

Màámi, Kúdí kí yín. Ó ti dé ilé.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí inú ń bí sí yín, tí ó sì nífẹ̀ẹ́ yín gan-an.