Ohun tó wà lábẹ́ òrí

Sátidé, 3 Oṣù Kìíní, 2026
Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì tún dé. Sheriff ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú. Fáìlì kì í kúrò lábíyá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ Òmù-Àrán tó kú sógun Bọ́mà sára òkúta. Hàmídù, bàbá tó bí ìyá mi, kò ní ìwé kankan. Irin Bàbá nìkan ni ẹ̀rí wa. Sheriff ní ṣebí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún ìbọn ọlọ́pàá ṣe — kí n ka àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí n fọwọ́ sí ìwé.

Àtìní, 5
Irin Bàbá: ọrùn ìbọn lásán, kò lẹ́nu, kò nígi. Ọ̀rẹ́ Hàmídù ló gbé e wálé lẹ́yìn ogun. Láràárọ̀ Iléyá, kí a tó lọ sí yídì, Ìyá máa ń fi òrí pa á. Kì í nu ti èṣí kúrò. Ó ti di èèpá! Omi gbígbóná, kẹrosíìnì, àkísà. Àmì ọfà ló kọ́kọ́ yọjú, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Àtàláátà, 6
11/53. Oṣù kọkànlá, ọdún 1953. Ogun Bọ́mà parí ní 1945.

Àlàrùba, 7
Mo tún fi awò wò ó. Bóyá ọdún tí wọ́n tún un ṣe ni? Rárá. Ibi tí wọ́n ń lu ọdún tí wọ́n rọ ìbọn gan-an ni.
5 kò jìnnà sí 4. Ayùn díẹ̀, kí n lu nọ́ńbà mìíràn lé e. Ta ni yóò mọ̀? Mo mú ayùn — àgbà bíi tèmi! Ojú tì mí. Mo gbé e sílẹ̀.

Jímọ̀, 9
Lẹ́yìn ìrun, mo sọ fún Ìyá. Jàrátù, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní nígbà ogun abẹ́lé, ẹ̀rù ba òun pé àwọn ọmọ ogun yóò yẹ ilé wò. Òun ju irin náà sí ṣáláńgá. Ìyá tirẹ̀ wá a títí, ó sunkún, kò jẹun mọ́. Òun lọ ra òmíràn lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan ní Ṣàrẹ́, òun fi òrí bò ó nípọnnípọn, òun ní òun ti rí i. Ìdí tí kì í fi í nù ún nìyẹn.
Ó ní: "Abdulkadir, mo ti fi tan ìyá mi. Ìwọ má fi tan ìlú."

Sátidé, 10
Mo kọ ohun tí mo rí, mo fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò wò mí lójú. Ó dùn mí gan-an.

Àlàmísì, 15
Ọjọ́ ìrántí àwọn ológun: orúkọ mẹ́tàdínlógún tí wọ́n máa gbẹ́ ni wọ́n kà. Àáfà ń ṣàdúà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń ṣe àmín. Kò sí Hàmídù níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ túká ni Ìyá fi ọ̀pá dìde. Ó ní: "Hàmídù, ọmọ Bámigbóyè. Lọ́jọ́ tó ń lọ, èmi ni mo gbé fìlà rẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí. Kò padà."
Àáfà ṣàdúà. Gbogbo wa ṣe àmín. Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì ṣí fáìlì padà, ó ń wá bírò.
Irin ni gbogbo wa ń yẹ̀ wò. Ìyá wà nílé, a ò bi í.